Iyàrá Tí A Máa Ń Dí De Ọyẹ́

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Lọ́jọ́sí ni ẹ bi mí pé kí ló dé tí iyàrá tó fẹ̀gbẹ́ ti ilé ìdáná Màmá Àgbà kì í ṣí mọ́, tó jẹ́ pé àgbàdo la rọ́ sínú rẹ̀, tó sì jẹ́ okùn la fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó ná. Mo ti rò ó. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí pé ìwé tí mo kà ò pọ̀, bí mo bá sì fẹnu lásán sọ ọ́, mo lè fo ibi tó ń dùn mí jù.

Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tún ti di bàbá àgbà." Òótọ́ ni, irun orí mi ṣì dúdú, eyín mi pé, ọmọ tí ìyàwó mi bí ò sì ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lọ tí kò padà, ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ló di àgbà rẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó rí iyàrá yẹn gbẹ̀yìn.

Nígbà yẹn, a kì í wo kàlẹ́ńdà kí a tó mọ̀ pé ọyẹ́ ń bọ̀. Ewé tíìkì ló máa ń sọ fún wa. Bí ewé àwọn igi tíìkì ẹ̀yìn ilé, lápá ọ̀nà Ìgbógílà, bá ti gbẹ, tó ń já, tó ń lu ilẹ̀ pàá, pàá, bí ìgbà tí èèyàn ń ju páálí sílẹ̀, Màmá Àgbà á gbórí sókè lórí àpótí rẹ̀, á fi ahọ́n lá ètè, á ní, "Ó ti gbéra." A mọ ẹni tó ń wí. Ọyẹ́ ló ti gbéra láti òkè Ọya, ó ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ kéékèèké.

Lóde òní, bí ọyẹ́ bá dé, ìyá kálukú á lọ sí kẹ́míìsì, á ra omi ikọ́ pupa, á ti fèrèsé onígíláàsì, ó parí. Mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, kí ọyẹ́ tó dé la ti ń múra dè é. Màmá Àgbà ní àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn ni, ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ dè é, orí ibùsùn ọmọ ni yóò ti bá a.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ iyàrá yẹn. Bàbá Àgbà ló mọ ọ́ kí wọ́n tó bí bàbá wa. Ilé yòókù nínú agbolé ti di búlọ́ọ̀kù, nítorí pé sìmẹ́ńtì ò jìnnà sí wa, ọ̀kadà á lọ sí Ìbèsè á bọ̀ kí oòrùn tó mú. Búlọ́ọ̀kù dáa lójú, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ògiri amọ̀ ní tirẹ̀ máa ń gba ooru ọ̀sán pa mọ́ de alẹ́. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí tó fi máa kó káńgárá rẹ̀ kúrò, gbogbo ọmọ kéékèèké agbolé, ọmọ ẹni yòówù kí wọ́n jẹ́, inú iyàrá yẹn ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní kan gbọọrọ tí wọ́n rán pọ̀. Ẹní ọyẹ́ là ń pè é.

Kí a tó tẹ́ ẹní, a ó kọ́kọ́ dí iyàrá. "Bí ògiri ò bá lanu," Màmá Àgbà á wí, "aláǹgbá ò ní rí ibi wọ̀." Ẹrẹ̀ pupa la fi ń dí i, a ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ọmọ kan á wọ inú iyàrá lọ lọ́sàn-án gangan, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, a ó fi aṣọ bo fèrèsé kékeré tó wà lókè. Nínú òkùnkùn yẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ẹnu abẹ́rẹ́, á fi ìka kàn án, á pariwo, "Mo rí oòrùn!" Àwa tí a wà níta á sáré wá ibẹ̀, a ó lu ẹrẹ̀ mọ́ ọn, pátá!

"Kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin afọ́jú! Ẹ lọ sí ọ̀tún!"

"Ọ̀tún tìẹ àbí ọ̀tún tiwa?"

"Ọ̀tún tí ẹ fi ń jẹun!"

Lọ́dún kan, mo fi ìbínú lu ẹrẹ̀ mọ́ ihò kan, ó gba inú ihò náà kọjá, ó bá Ẹ̀gbọ́n Múrí lẹ́nu níbi tó ti ń pariwo. Ó jáde wá, eyín rẹ̀ pupa, ó ń tutọ́. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú.

Ẹ ò mọ Ẹ̀gbọ́n Múrí dáadáa. Kì í ṣe ọmọ agbolé yìí. Ìyá rẹ̀ ni òun àti Màmá Àgbà jọ ń ná ọjà. Nígbà tí obìnrin náà kú, Màmá Àgbà fa ọmọ lọ́wọ́ wálé. Ọdún tó dé yẹn gan-an, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Inú iyàrá yẹn ló ti rí ara rẹ̀ padà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, òun ló wá mọ ihò í wá ju gbogbo wa lọ. Àwa á ti ṣan ọwọ́, a ó ti máa lọ jẹun, òun á ní, "Ọ̀kan kù." Ọ̀kan á sì kù lóòótọ́.

Ẹ má rò pé a dí iyàrá náà bí ìgò o. Bí a bá ti ṣe tán, Màmá Àgbà á ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé kékeré yẹn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa tì í. Ó ní ilé tí kò bá mí, ẹni inú rẹ̀ ò ní mí. Kò jẹ́ kí èédú tàbí iná wọ ibẹ̀. Ooru ọmọ àti ooru amọ̀, ó ní ó tó.

Lẹ́yìn náà ló kan ahá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ahá tó fi ń mu omi, Màmá Àgbà á fi irin gbígbóná sàmì sí i nídìí. Tèmi jẹ́ ilà méjì tó dábùú ara wọn, ti Múrí jẹ́ òṣùpá. Ẹni tó bá fi ahá ẹlòmíì mu omi, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. "Ikọ́ kì í fò," Màmá Àgbà máa ń wí, "ẹnu àti ọwọ́ ló ń gùn kiri." Kèrègbè omi àti ọṣẹ dúdú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ tí kò bá fọwọ́, kò ní tẹ ẹní. Ọmọ tí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, etí ẹní ló ń sùn, á kọjú sí ògiri. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ọlọ́dẹ, kó bá wa lé olè.

Àdí ńkọ́? Ẹ ò lè rántí òórùn àdí tó ń jáde lára ekùrọ́ nínú ìkòkò gbígbóná, tí ekùrọ́ ń ta tá, tá, tá, tí èéfín ń wá omijé lójú adìyẹ pàápàá. Òun ni wọ́n ń fi pa wá láyà, lẹ́yìn àti ní àtẹ́lẹsẹ̀. A ó dúdú, a ó máa dán. Bí a bá dé ilé ẹ̀kọ́, tíṣà á ní, "Ta ló tún gbé ilé ìfúntí epo wọ kíláàsì mi?" Àwọn ọmọ tó kù á máa pè wá ní Ọmọ Aládìí. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, Múrí máa ń bá a jà títí bọ́tìnnì fi máa já. Ẹ rántí ìyẹn. Bí mo ṣe máa sọ ibi rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ire rẹ̀.

Ohun tí kò sí lọ́dọ̀ wa ni òrí. Àbúrò Màmá Àgbà ló máa ń gbé e wá. Ọkọ ló fẹ́ ẹ lọ sí òdìkejì bọ́dà, ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ọ̀hún ò jìnnà. Oko wọn fara kan oko wa, igi kajú kan ló pààlà. Yorùbá kan náà la jọ ń sọ, wọ́n kàn máa ń fi "mẹ̀sí" tí wọ́n fi ń dúpẹ́ há a láàárín ni. Màmá Bọ̀ǹjúù là ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kíni lọ́hùn-ún. Bó bá ti yọ lókèèrè tòun ti ẹrù lórí, a ó pariwo, "Bọ̀ǹjúù, Màmá!"

"Bọ̀ǹjúù, ẹ̀yin ọmọ tó ń rùn bí ekùrọ́!"

Nínú ẹrù rẹ̀, òrí á wà nínú igbá, ewé tútù á bò ó lójú. Súwẹ́tà òkìrìkà tó ti Kùtọnu wá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í gbé súwẹ́tà wá bẹ́ẹ̀ lásán. Á wá àkísà ìró tó nípọn, á rán an mọ́ inú súwẹ́tà níbi àyà, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ìjà má bàa sí. Ó ní òun fẹ́ kí àyà wa ní ilẹ̀kùn méjì. Àwa náà á di gàrí àti àdí fún un. Kò sí ẹni tó ń wò ó pé èyí ju ìyẹn lọ. Nírọ̀lẹ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á jókòó sórí ẹní ọyẹ́, wọ́n á na ẹsẹ̀ síra wọn, wọ́n á máa fi òrí pa gìgísẹ̀ ara wọn tó ti là, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú, àwa ọmọ á sì sùn sáàárín ẹsẹ̀ wọn.

Òfin kan ló wà lórí ẹní yẹn. Ẹni tó bá ti sùn lórí rẹ̀ rí, kò gbọdọ̀ rí ọmọ tó ń sùn lórí rẹ̀ nínú òtútù kó gbójú kúrò. Wọn ò fi mú wa búra. Bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ara rẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti bọ́dà pa.

Ẹ̀yin ṣì kéré. Ìwọ Sàlíù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọmọ ìyá mi, o ò tíì lè sọ orúkọ rẹ já geere. Ìrẹsì ò wọlé mọ́. Ilé epo gbẹ, nítorí wọ́n ní kí epo bẹntiróò má dé ìtòsí bọ́dà mọ́. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sórí ọ̀kadà wọn bí ẹyẹ orí wáyà. Ìdènà kún ojú ọ̀nà, ẹni tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ pàápàá, wọ́n á tú u wò. Igi kajú wa tí kò ṣe nǹkan kan, ó di ibi tí èèyàn ń rìn lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Màmá Àgbà ò bẹ̀rù nǹkan mìíràn bí kò ṣe àyà Sàlíù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni àyà rẹ̀ ti ń súfèé bí ọyẹ́ bá dé. Ó ti dí iyàrá, ó ti se àdí, ewé tíìkì ti ń já, Màmá Bọ̀ǹjúù ò lè wá. Ó wá pè wá lórí fóònù aládùúgbò rẹ̀ kan. Èmi ni mo gbé fóònù sétí Màmá Àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rán súwẹ́tà tán o. Gbogbo ọmọ ẹní ni mo rán tiwọn. Mo rán ti ọmọ Múrí náà mọ́ ọn."

"O ṣeun, àbúrò mi. Ti Sàlíù ńkọ́?"

"Tirẹ̀ ló nípọn jù. Aṣọ ẹlẹ́ja yẹn ni mo gé, mo fi tẹ́ ẹ láyà."

Màmá Àgbà mọ aṣọ náà dáadáa. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ni, ẹja funfun ló wà lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ rà á nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, ìdajì tirẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀.

"Aṣọ ẹlẹ́ja tí a jọ rà?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ṣé èmi náà ni mo tún máa lọ dúró kí ọkọ rí mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun lọ́hùn-ún, èyí níhìn-ín.

Ó wá ku ẹni tó máa lọ gba ẹrù náà lábẹ́ igi kajú. Ìyá wa ní kí n lọ. Èmi ni mo ní kí a rán Ẹ̀gbọ́n Múrí. Mò ń gbé sìmẹ́ńtì ní Ìbèsè nígbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ọ̀nà oko yẹn ń bà mí lẹ́rù. Múrí ní ọ̀kadà, ó mọ gbogbo igbó.

Ìyá wa ní, "Múrí? Ojú rẹ̀ ò gbé ibì kan láti ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá mi. Ẹní kan náà la jọ sùn."

Màmá Àgbà ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ pè é wá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lọ ló padà dé. Ó ń ti ọ̀kadà bọ̀, apá ẹ̀wù rẹ̀ ya, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Àgbà. "Màmá, wọ́n gbà á. Àwọn tó ń ṣọ́nà gba gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dá mi lóhùn."

Ẹ mọ ohun tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ sọ? Kò bèèrè súwẹ́tà. Ó ní, "Ṣé wọn ò lù ọ́?" Ó mú àdí, ó fi pa ibi tí igi ti ha á lápá. Múrí ń sunkún. Àwa náà sunkún. Ta ni ì bá ṣiyèméjì? Kò sí agbolé tí kò ní irú ìtàn yẹn nígbà náà. Bí òótọ́ bá ti pọ̀ lóde, irọ́ ò ní wá ibi tí yóò fara pa mọ́ sí tì.

Ọyẹ́ dé. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí, tàbí bóyá ara wa ni kò le. Eruku tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì àti ti ọyẹ́ parapọ̀, bí a bá gbá ilé láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, a lè fi ìka kọ̀wé sórí tábìlì. Àwọn ọmọ wà lórí ẹní nínú ẹ̀wù wọn lásán, Màmá Àgbà bo wọn pẹ̀lú gbogbo ìró tó ní. Ó yọ aṣọ ẹlẹ́ja tirẹ̀ jáde, ó fi we Sàlíù, ṣùgbọ́n ìró kì í ṣe súwẹ́tà, bí ọmọ bá ti yíra padà, ó ti tú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àyà Sàlíù ń hó bí ìkòkò omi. Egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Màmá Àgbà gbé etí lé e, ó dìde, ó ní, "Èyí ti kọjá ọwọ́ mi. Ọsibítù."

Múrí ló gbé e. Epo tó kù nínú ọ̀kadà rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ló fi gbé Sàlíù àti ìyá wa, tó ń sá eré tí kò sá rí, tó ń fọn fèrè. Kò gba kọ́bọ̀. Ní ọsibítù, wọ́n fi nǹkan bo Sàlíù nímú, èéfín oògùn ń wọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Nọ́ọ̀sì bínú sí ìyá wa. "Nínú ọyẹ́ yìí? Aṣọ òtútù rẹ̀ dà?" Ìyá wa ní Múrí ló kọjú sí ògiri, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní òun wò ó, òun sì bẹ Ọlọ́run kó dárí ji òun nítorí ọ̀rọ̀ tí òun ti sọ nípa ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀.

Sàlíù yá, a gbé e wálé. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Tájù dé láti Ìgbógílà. Ìyàwó Múrí ni, Tájù ni ọmọ rẹ̀. Ó gbé e pọ̀n, ọmọ náà ń hukọ́.

"Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ pa á láyà. Kò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

"Kí ló dé tí o ò gbé e wá látìgbà yìí? Àyè rẹ̀ wà lórí ẹní."

"Bàbá rẹ̀ ló ní kí n má gbé e wá o, Màmá. Ó ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín. Èmi kúkú wá láìsọ fún un ni."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kì í pọ̀ jù lórí ẹní. Gbé e wá."

Èmi náà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ò sí lọ́jọ́ náà. Súwẹ́tà búlúù kan ló wà lọ́rùn Tájù, ó nípọn, ó tóbi jù ú lọ, apá rẹ̀ bò ó lọ́wọ́. Màmá Àgbà bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe sí súwẹ́tà ọmọ gbogbo, ó yí inú rẹ̀ síta kó lè gbọn eruku rẹ̀ dànù.

Ẹja funfun, lórí aṣọ aláwọ̀ ewé.

Kò gbọn ọ́n mọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ náà, ibi tí abẹ́rẹ́ àbúrò rẹ̀ gbà. Mo rí i, òun náà sì mọ̀ pé mo rí i. Lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀, Sàlíù sùn nínú ìdajì kejì aṣọ kan náà. Ìyá Tájù ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta tòmátò ní Ìgbógílà. Kò mọ nǹkan kan, mo lè fi ojú mi méjèèjì búra.

Màmá Àgbà gbé súwẹ́tà sórí itan. Ó bu àdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á kó gbóná, ó pa Tájù láyà, ó pa á lẹ́yìn, ó pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò yára, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ó fi ahá fún un ní àgbo. Ó nu imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú súwẹ́tà, ó wọ̀ ọ́ fún un bó ṣe wà, inú rẹ̀ síta, kí ẹja wà lójú àyà.

Ìyá Tájù rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti wọ̀ ọ́ sódì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe."

"Fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe wọ̀ ọ́ délé. Bàbá rẹ̀ ni kó bá a bọ́ ọ."

Ìyá Tájù wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó kí wa, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Àwọn ẹja yẹn ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá apá ọ̀já títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Múrí ò tún wá. Mo lọ bá a ní Ìgbógílà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń jókòó sí. Ó rí mi, kò sá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

Ó ní, "Epo ni. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ ni epo tán sínú igbó. Mo ta súwẹ́tà méjì fún ẹni tó ní epo nínú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí mo tà á tán, mi ò mọ bí mo ṣe máa kó ìyókù wọlé kí n sì máa wo ojú ọmọ tí mo ta tirẹ̀."

"O wá kó gbogbo rẹ̀ lọ?"

"Mo wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé mi, kí n tó ti ọ̀kadà wá bá yín."

"Ti Tájù wà nínú ẹrù yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n rán tirẹ̀."

"Mo rí i," ó wí. "Ti Sàlíù ló nípọn jù."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé oòrùn mú. Mo ti mú èébú lọ láti ilé wa ní Ayétòrò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rù ú padà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, a mọ̀ pé ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí a ò mọ̀ ni bó ṣe máa ń dun ẹ̀fọ́ tó. Ká ní àwọn tó ń ṣọ́nà ló gbà á lóòótọ́, a ó gégùn-ún fún wọn, a ó sì gbàgbé. Àwọn yẹn ò sùn lórí ẹní wa.

Mo padà wálé, mo kúnlẹ̀ fún Màmá Àgbà. Mo ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ rán an."

Ó ní, "Èmi ni mo tọ́ ọ. Dìde."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewé tíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í já, pàá, pàá. Màmá Àgbà lá ètè, kò sọ nǹkan kan. Mo lọ wa ẹrẹ̀ pupa, mo pò ó, mo gbé e wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní, "Màmá, ta ló máa wọ inú lọ?"

"Kò sẹ́ni. Dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sọ fún wọn kí ìyá kálukú mú ọmọ tirẹ̀ sọ́dọ̀."

"Màmá, ọmọ kan ló ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ kí ni àwọn tó kù ṣẹ̀?"

"Wọn ò ṣẹ̀ mí." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn. "Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ́ wọn pọ̀, ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé ará ni wọ́n. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọmọdé."

Àwọn ìyá yín kó yín lọ. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Ẹlòmíì tilẹ̀ dúpẹ́, ó ní òórùn àdí ti ń bá aṣọ ọmọ òun jẹ́. Nígbà tí àgbàdo pọ̀ lọ́dún náà, a rọ́ ọ síbẹ̀.

Wọ́n ṣí bọ́dà nígbà tó yá. Màmá Bọ̀ǹjúù dé pẹ̀lú igbá òrí lórí, ó ti tẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Màmá Àgbà ò sọ fún un rí ju pé wọ́n gba ẹrù lọ́nà. Ó ní kí ni òun ó fi òótọ́ bí ìyẹn ṣe fún arúgbó. Kò sí ẹni tó pariwo bọ̀ǹjúù. Ó tú okùn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó bá àgbàdo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Kò bèèrè ìdí. Ó fi ọ̀pá ti àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Màmá Àgbà náà jókòó. Wọ́n na ẹsẹ̀ síra wọn, wọ́n ṣí igbá òrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa gìgísẹ̀ ara wọn. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ sí wọn, mo dúró síta.

Ọ̀sán gangan ni. Ògiri ti lanu káàkiri. Mo gbọ́ ohùn Màmá Bọ̀ǹjúù nínú òkùnkùn, ó rọra wí i bí ẹni ń ṣeré.

"Mo rí oòrùn."

Kò sí ẹni tó sáré. Èmi nìkan ni mo wà níta, kò sì sí ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi.